Gbọ̀ngán Iganmu ti ṣí padà: etí ni kí Èkìtì fi wò ó

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025, wọ́n ṣí ilé eré ńlá tó wà ní Iganmu, l'Ékòó, padà. National Theatre ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀; orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ló ń jẹ́ báyìí. Èèyàn lè wo àwòrán ilé náà títí, kó rí bí iná ṣe ń tàn àti bí àga ṣe tò, síbẹ̀ kò ní mọ bí ibẹ̀ ṣe ń dún. Bẹ́ẹ̀ dídún gan-an ni iṣẹ́ gbọ̀ngán orin.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Èkìtì ju bí ojú ṣe rí i lọ. Láti Adó dé Ìkẹ́rẹ́, Ìdó, Ìjerò títí dé Ìkọ̀lé, à ń kọ́ gbọ̀ngán àríyá, gbọ̀ngán ìjọ àti ti ilé ìwé, owó gidi la sì ń ná sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ akọrin bá dúró láti kọrin: ẹ ó gbọ́ ariwo orin, ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Akọrin kọ́ ló jẹ̀bi, máíkì kọ́. Ilé ni. Ohun tó ń fà á sì ṣeé ṣírò lórí ìwé kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Bí Iganmu ṣe dé ibi tó dé

Kí Iganmu tó wà, Glover ni Èkó ní. Wọ́n sọ gbọ̀ngán náà lórúkọ John Hawley Glover, òyìnbó tó ṣàkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì títí di ọdún 1872. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn èèyàn ní Nàìjíríà, ní oṣù Ògún, ọdún 1903. Ibẹ̀ náà ni Hubert Ògúndé, tó jẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944, fún ìjọ Aládùúrà kan.

Ìjọba ológun Yakubu Gowon ló bẹ̀rẹ̀ ilé Iganmu ní 1973, nítorí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn èèyàn dúdú àgbáyé, tó ń bọ̀ l'Ékòó. Ilé-iṣẹ́ Techno Exportstroy láti Bulgaria ló kọ́ ọ, ààfin àṣà àti eré ìdárayá tó wà ní ìlú Varna lọ́hùn-ún ni wọ́n sì wò kọ́ ọ. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1976. Láti ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ sí ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé, ọdún 1977, àwọn èèyàn láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 péjọ fún àjọ̀dún náà. Ọbásanjọ́ ló ti wà lórí oyè nígbà yẹn. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá mọ ìrísí rẹ̀: fìlà sójà ni.

Gbọ̀ngán ńlá inú rẹ̀ gba èèyàn 5,000. Gbọ̀ngán sinimá méjì, àyè ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà, yàrá ìpàdé, àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí èdè 8 lẹ́ẹ̀kan náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Fún àpéjọ àgbáyé, ó yẹ ẹ́. Fún eré orí ìtàgé, ẹrù wúwo ni. Ẹni tó bá jókòó jìnnà sí ìtàgé ju nǹkan bíi mítà 20 lọ kò ní rí bí ojú òṣèré ṣe ń yí padà mọ́, kò sì sí bí àga 5,000 ṣe lè wà láàárín mítà 20. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ eré fi jẹ́ pé inú gbọ̀ngán sinimá, tó kéré, ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó bá ń ronú àti kọ́ gbọ̀ngán "ẹlẹ́gbẹ̀rún márùn-ún" sí Adó kọ́kọ́ ro èyí dáadáa.

Àìtọ́jú ló wá dá ilé náà lóró. Ilẹ̀ àbàtà ni Iganmu, omi kò jìnnà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́. Ní 2005, ìjọba Ọbásanjọ́ kéde pé òun fẹ́ fà á lé aládàáni lọ́wọ́. Àwọn òṣèré fárígá, Ṣóyínká sì wà lára wọn. Ó di 2021 kí ìjọba àpapọ̀ tó fà á lé ìgbìmọ̀ àwọn báǹkì lọ́wọ́, pẹ̀lú Báǹkì Àpapọ̀, fún àtúnṣe. Ní oṣù Agẹmọ, 2024, nígbà tí Ṣóyínká pé ẹni 90 ọdún, Ààrẹ Tinúbú kéde orúkọ tuntun náà.

Ìṣirò kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ́ gbọ̀ngán mọ̀

Ní 1895, Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Tí olùkọ́ bá la ẹnu, ohùn rẹ̀ á máa rìn kiri inú ilé fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún àbọ̀ kó tó kú. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ọ̀dọ́ olùkọ́ kan, Wallace Sabine. Lóru, tí ìgboro bá ti dákẹ́, ó ń ru tìmùtìmù àga láti gbọ̀ngán mìíràn wọ inú yàrá náà, ó ń fọn fèrè dùùrù, ó sì ń fi aago ka àkókò tí ìró fi ń kú. Bí tìmùtìmù ṣe ń pọ̀ sí i ni ìró ń yára kú. Inú iṣẹ́ yìí ni ìlànà tí gbogbo ayé ń lò títí dòní ti jáde, òun náà ni wọ́n sì fi kọ́ gbọ̀ngán orin Boston, tí wọ́n ṣí ní 1900, tó ṣì wà lára àwọn gbọ̀ngán tí ìró wọn dára jù láyé.

Ìlànà náà kò le. Ẹ fi 0.161 ṣe ìsọdipúpọ̀ àyè inú gbọ̀ngán (gígùn, fífẹ̀ àti gíga tí ẹ ti sọ di púpọ̀ pọ̀), kí ẹ wá fi iye ìró tí ilé lè gbé mì pín in. Èsì rẹ̀ ni iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ìró fi ń falẹ̀ kó tó kú.

Ẹ jẹ́ ká mú gbọ̀ngán kan tó jọ èyí tí à ń kọ́ fún èèyàn 600: gígùn rẹ̀ mítà 30, fífẹ̀ rẹ̀ 18, gíga rẹ̀ 8. Àyè inú rẹ̀ jẹ́ 4,320 m³. Ilẹ̀ táìsì, ògiri tí wọ́n rẹ́ tí wọ́n sì kùn, àjà POP: gbogbo ojú wọn pa pọ̀ jẹ́ 1,848 m². Àwọn nǹkan líle báwọ̀nyí kì í gbé ju nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ìró tó bá kàn wọ́n mì. Ìyókù ni wọ́n ń dá padà. Nítorí náà, ó dà bí ẹni pé 74 m² péré nínú ilé náà ló ń gbé ìró mì pátápátá. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìró yóò máa falẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 9.4. Gbọ̀ngán òfìfo nìyẹn, ibi tí ẹgbẹ́ akọrin ti ń ṣe ìdánrawò lọ́jọ́ Jímọ̀ tí wọ́n sì ń ṣépè fún ẹni tó ń tọ́ ẹ̀rọ ohùn.

Èèyàn kan tó wọṣọ tó jókòó ń gbé ìró tó tó nǹkan bí 0.45 m² mì. Tí 600 bá pé, 270 ti wọlé kún 74, ó di 344, ìró náà á sì sọ̀ kalẹ̀ sí ìṣẹ́jú-àáyá 2.0. Tí ó bá jẹ́ 300 ló wá, 3.3 ni. Ẹ rí i pé ilé kan náà, akọrin kan náà, iye èrò nìkan ló yàtọ̀. Àga oníke kò gbé nǹkan kan mì, èèyàn nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àga onítìmùtìmù, ní tirẹ̀, ń gbé ìró mì bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ jókòó lé e, nítorí náà gbọ̀ngán kì í yí ohùn padà tó bẹ́ẹ̀ láàárín ìdánrawò àti ọjọ́ eré gan-an. Nínú gbogbo owó tí a lè ná sórí gbọ̀ngán, ti àga onítìmùtìmù ló ń pa dà wá jù.

Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ló wá dára? Fún akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, dùùrù àti orin aláìlo máíkì, 1.8 sí 2.0. Fún ọ̀rọ̀ sísọ, eré orí ìtàgé àti orin tó ń gba inú sípíkà jáde, nǹkan bíi 1.0 sí 1.2. Ibi tí wàhálà gbọ̀ngán Yorùbá wà gan-an nìyí, ó sì dùn mí pé ayàwòrán ilé kì í fi bẹ́ẹ̀ bèèrè rẹ̀.

Èdè wa ń fi ohùn sọ̀rọ̀. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí ara wọn ju ohùn lọ. Nínú gbọ̀ngán tí ìró ti ń falẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, ohùn òkè ti sílébù àkọ́kọ́ ṣì wà lókè nígbà tí ohùn ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ lé e bá jáde, méjèèjì á sì gun ara wọn. Ti gángan tún burú jù, nítorí kò ní kọ́ńsónáǹtì tó lè gbà á: ohùn nìkan ló fi ń fọhùn. Onílù á máa ki èèyàn, ẹni tí wọ́n ń kì kò ní mọ̀ pé òun ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni alámọ̀, orin ìbílẹ̀ tiwa l'Ékìtì: kí elégbè tó dákẹ́, apèsà tó ń lé orin ti bẹ̀rẹ̀ ìlà tó kàn, ìró elégbè á sì bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn orin yìí, ìta gbangba ni wọ́n ti dàgbà, ní ojúde ọba àti lábẹ́ igi, níbi tí kò sí ògiri tó ń dá ìró padà. Ìdí nìyí tí àyè tó ṣí sílẹ̀ ní Ọgbà Fájuyì l'Ádó ṣe lè gba ìlù dáadáa ju gbọ̀ngán olówó iyebíye lọ. Orin ṣọ́ọ̀ṣì, ní tirẹ̀, inú ilé òkúta ló ti wá. Ó ń fẹ́ kí ìró falẹ̀ díẹ̀.

Gbọ̀ngán tó bá fẹ́ sin àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ lè yí padà. Nínú àpẹẹrẹ wa, tí èrò bá kún tí a sì fẹ́ kí 2.0 di 1.2 fún ìlù tàbí eré, a nílò 236 m² kún ohun tí ilé ń gbé mì. Kọ́tìnnì tó nípọn, tí a kì í nà tán, tó ní ìṣẹ́po, ń gbé nǹkan bí ìdajì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ mì. Ìyẹn ni pé a óò nílò tó 430 m² rẹ̀, ó lé ní ìdajì gbogbo ògiri ilé. Ó dára kí wọ́n pín in: kí wọ́n fi pátákó agbéròmì (pátákó tó ń gbé ìró mì) sí ògiri ẹ̀yìn tó kọjú sí ìtàgé, kí kọ́tìnnì tó wà lórí irin wá máa sáré jáde ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nígbà ìlù, kó sì padà sínú àpótí rẹ̀ tí akọrin bá fẹ́ kọrin.

Ohun tí kò ṣiṣẹ́ ni kíréètì ẹyin àti fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìró òkè nìkan ni wọ́n ń gbé mì, wọ́n á fi báàsì sílẹ̀, gbọ̀ngán á wá di kòtò tó ń hó bùgùbùgù. Fóòmù sì ń jó kíákíá, èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn. Ẹ lo òwú òkúta tí wọ́n ń pè ní rockwool, kó nípọn tó sẹ̀ńtímítà 5 sí 10, nínú férémù pákó, kí àyè sẹ̀ńtímítà 5 sì wà láàárín rẹ̀ àti ògiri. Àyè yẹn ló ń jẹ́ kó lè gbé báàsì mì. Aṣọ tí ẹ máa fi bò ó, ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i. Tí atẹ́gùn bá kọjá, ìró náà á kọjá.

Àjà, àti ìdí tí òrùlé róbótó fi ń ṣe gbọ̀ngán níbi

Gbọ̀ngán Musikverein ní Vienna, tí wọ́n ṣí ní 1870, gùn ní nǹkan bíi mítà 49, ó fẹ̀ ní 19, gíga rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18. Àpótí gígùn ni, kò ní àṣejù kankan ní ìrísí, àmọ́ ère àti ọnà tó wà lára ògiri rẹ̀ ń tú ìró ká kó má bàa máa gbá bọ́ọ̀lù láàárín ògiri méjì tó dán. Fún orin aláìlo máíkì, ó yẹ kí àyè 8 sí 10 m³ wà fún èèyàn kọ̀ọ̀kan. Gbọ̀ngán wa mítà 8 ní 7.2. Tí ẹni tó ni ín bá sọ àjà rẹ̀ kalẹ̀ sí mítà 4 nítorí owó amúlétutù, ó di 3.6, ìró á sì falẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 1.1 péré tí èrò bá kún. Ìpàdé àti ìlù á gbádùn ibẹ̀. Akọrin á gbẹ bí ẹ̀kọ tó sùn síta.

Àṣà tó gbòde báyìí ni àjà POP tó rí róbótó bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Igbá máa ń kó ìró jọ sójú kan. Royal Albert Hall ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ṣí ní 1871, ní irú òrùlé bẹ́ẹ̀, ìró ibẹ̀ sì ń padà wá lẹ́ẹ̀kejì fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó di pé wọ́n so àwo ńlá ńlá 135 kọ́ sábẹ́ òrùlé ní 1969. Ní 2001 ni wọ́n tún wọn tò, wọ́n sì dín wọn kù sí 85. Ẹni tí kò lówó àwo, kó ṣe àjà rẹ̀ kó tẹ́jú tàbí kó yọ ọ́ sókè sísàlẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Èkìtì ní ohun kan tó pọ̀ lọ́wọ́: òkúta. Ògiri òkúta tí a kò dán, tí ojú rẹ̀ ń yọ gbọ́kù gbọ́kù, ń tú ìró ká bíi ti ère Vienna, ó sì wúwo tó láti dá ariwo ìta dúró.

Àtúnṣe pàápàá lè ba ìró jẹ́. Wọ́n tún Carnegie Hall ní New York ṣe ní 1986, ó tàn, ó dùn ún wò, àwọn olórin sì ń ráhùn pé ohùn ibẹ̀ ti le. Ó di 1995 kí wọ́n tó tú ilẹ̀ ìtàgé, wọ́n sì bá kọnkéré lábẹ́ pákó, wọ́n yọ ọ́. Pákó ìtàgé gbọ́dọ̀ ní àyè òfìfo lábẹ́. Táìsì lórí kọnkéré tún ń ba orúnkún oníjó jẹ́, ó yẹ kí àwọn tó ń kọ́ ẹgbẹ́ ijó àṣà mọ èyí.

Òjò, iná, àti ohun tó wà lẹ́yìn ìtàgé

Láti oṣù Igbe títí dé Ọ̀wàrà, òjò Èkìtì tó bá bọ́ sórí páànù yóò pa orin pátápátá. Àjà POP nìkan kò lè dá a dúró. Òwú òkúta sẹ̀ńtímítà 10 lórí àjà, àti bọ́ọ̀dù jípúsọ́mù onípele méjì lábẹ́ rẹ̀, ni ohun tó kéré jù. Ibi tí òrùlé méjì ti pàdé ni omi ti ń wọlé jù. Kí ọ̀nà omi ibẹ̀ fẹ̀, kí ẹnì kan sì máa gùn ún lọ kó ewé kúrò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún.

Èèyàn 600 tó jókòó ń tú ooru tó tó kílówáàtì 60 jáde, ká má tíì ka iná ìtàgé. Gbọ̀ngán tí kò ní fèrèsé, tí amúlétutù rẹ̀ bá kọṣẹ́, ti kú nìyẹn; ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Iganmu kò jìnnà síra. Ẹ fi fèrèsé òkè sílẹ̀ tí a lè ṣí. Kí jẹnẹrétọ̀ wà ní mítà 30 ó kéré tán, lẹ́yìn ògiri, ní ìhà tí ìtàgé kò sí; gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ jíjìnnà rẹ̀ di méjì ni ariwo ń dín ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6. Kí bátìrì kékeré gbé ẹ̀rọ ohùn nìkan dúró láàárín ìgbà tí iná ọba lọ àti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ dé, nítorí ẹ̀rọ ohùn oní-díjítà òde òní máa ń gba àkókò kó tó jí, orin á sì ti já.

Gbọ̀ngán tó gùn ní mítà 30 nílò sípíkà kejì ní nǹkan bíi mítà 20 sí ìtàgé. Ìró ń gba ìṣẹ́jú-àáyá kan láti rin nǹkan bíi mítà 345. Tí ẹ kò bá fi nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 58 dá sípíkà kejì dúró, ẹni tó wà lẹ́yìn á gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ bọ́tìnnì kan ni, ọ̀pọ̀ kì í sì tẹ̀ ẹ́.

Píánò kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹnu amúlétutù. Lásìkò ọyẹ́, pákó rẹ̀ á gbẹ, á sán. Kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ inú yàrá rẹ̀ wà láàárín ìdá 40 sí 60 nínú 100. Awọ ìlù ní ìdàkejì ìṣòro yìí, ó ń dẹ̀ nígbà òjò, nítorí náà àwọn onílù nílò yàrá gbígbẹ lẹ́yìn ìtàgé, kì í ṣe kọ̀rídọ̀ tí gbogbo èèyàn ń gbà. Fún akọrin 60 tó dúró, ìtàgé gbọ́dọ̀ ní tó 45 m² kí ẹlẹ́rọ àti olùdarí tó dé. Fún èrò tó lé ní 500, ilẹ̀kùn àjáde mẹ́ta, ó kéré tán, kí gbogbo wọn máa ṣí síta, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ẹ̀wọ̀n dè wọ́n nítorí àwọn tó fẹ́ wọlé láìsanwó.

Ẹni tó ti ní gbọ̀ngán lè dán an wò lónìí. Ẹ fọ́ bàlúùnù kan lórí ìtàgé nígbà tí ibẹ̀ bá ṣófo, kí ẹnì kan fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní àárín gbọ̀ngán àti lẹ́yìn, kí ẹ sì ka ìṣẹ́jú-àáyá tí ó fi kú. Tí ẹ bá gbọ́ ta-ta-ta-ta tó yára, ògiri méjì tó dán ló ń ju ìró síra wọn. Ẹ fi pátákó agbéròmì tàbí òkúta gbọ́kù gbọ́kù sára ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí kò tíì kọ́, kó ní kí ayàwòrán ilé kọ iye ìṣẹ́jú-àáyá yẹn sórí àwòrán, ti òfìfo àti ti ìgbà tí èrò bá kún, kí wọ́n tó ra búlọ́ọ̀kù. Tí páànù bá ti gorí ilé, gíga àjà kò ṣeé gbé sókè mọ́. Kọ́tìnnì àti pátákó nìkan ló kù tí a lè fi tún un ṣe.